Àpáàdì Abẹ́ Ìkòkò Ọ̀bọ

Àlọ́ mi gba ọ̀nà oko lọ, ó kọsẹ̀ lára ìkòkò omi, ó dúró lọ́dọ̀ Àgbọ̀nrín àti Ọ̀bọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Àgbọ̀nrín a máa gbé ìkòkò omi sẹ́bàá ọ̀nà fún ẹni tó bá ń ti oko bọ̀. Gbogbo ẹranko ń mu, wọ́n ń súre fún un. Ìyìn yìí wọ Ọ̀bọ lójú. Òun náà gbé ìkòkò tirẹ̀ síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, òùngbẹ wọn á ti tán.

“Ṣé oore tèmi á wá ṣòfò ni?” Ọ̀bọ bi ara rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan tí ọ̀nà dá páropáro, ó sọ òkò lu ìkòkò Àgbọ̀nrín, ó fọ́ yángá.

Ni wọ́n bá ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀bọ. Ó jókòó ti ìkòkò rẹ̀, ó ń dárin:

Ta ló gbé omi sọ́nà?
*Tútù níní.*
Ta ló ṣoore fún yín?
*Tútù níní.*
Ọ̀bọ ni, ẹ máa mu.
*Tútù níní.*

Àgbọ̀nrín náà dé, ó mu, ó dúpẹ́. Ó wá rí i pé ìkòkò náà ń mì. “Ọ̀rẹ́ mi, kí tìrẹ náà má baà fọ́.” Ó padà lọ ṣa àpáàdì ìkòkò rẹ̀ wá, ó fi há a nídìí títí ó fi dúró ṣinṣin.

Ẹnikẹ́ni ò bi Ọ̀bọ léèrè ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ni ò lè dárin mọ́. Ó gun igi lọ, kò sì lè jókòó sójú kan títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi gbé ìkòkò kalẹ̀ sí nìyí. Ẹ mu, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ìkòkò.