Ìjókòó Mọ́ọ̀mì tí Norbert fi Ìbínú Dá Padà

Ẹ ní sùúrù, kí ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń torí ẹgbẹ́ eléré bú ọmọ ìyá yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

Ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, bésíbọ́ọ̀lù là ń jẹ, òun là ń mu. Herons ni ẹgbẹ́ tiwa. Bàbá tó bí Norbert Pasiak ló gba ìjókòó mẹ́ta ní pápá wa, ó sì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún kó má baà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n yí i sí orúkọ Norbert, torí òun ni àkọ́bí. Òun, àbúrò rẹ̀ Lenny, àti màmá wọn, Ìyá Genevieve, ló ń jókòó níbẹ̀. Ìyá yìí kì í pa ọjọ́ àkọ́kọ́ tí eré ọdún bá bẹ̀rẹ̀ jẹ. Kódà bí yìnyín bá ń bọ́, á wọ jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, á gbé tìmùtìmù tó fi ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ rán, á sì jókòó sí ààyè ọkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní ibẹ̀ nìkan lòun ti ń rò pé ọkọ òun ṣì wà.

Ọdún tí àdéhùn Tobias Renquist parí ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà dé. Ajubọ́ọ̀lù tó gbóná ni, ó sì lè lọ síbi tó bá wù ú. Nílé ọtí Dolores, Norbert lu tábìlì gbàà.

"Kí olówó tó ni ẹgbẹ́ wa náwó rà á! Ṣé ó fẹ́ gbé e lọ sọ́run ni?"

Lenny ń jẹ apá adìyẹ tiẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Apá ọkùnrin yẹn ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi owó yẹn tọ́ àwọn ọmọ eléré tiwa dàgbà."

"Ọmọ! Ọdọọdún lẹ ń tọ́mọ, ọdọọdún ni wọ́n ń nà wá! Ìránṣẹ́ olówó ni ẹ́, Lenny. Èló ló ń fún ẹ?"

"Ẹ má bú mi o, ẹ̀gbọ́n."

"Màá bú ẹ! Ahun bíi olówó ẹ!"

Dolores kígbe láti ibi tó ti ń fọ ife. "Owó ta lẹ ń jà sí gan-an? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ná an ni?"

Ẹ gbọ́ o! Obìnrin yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fetí sí i?

Kò pẹ́, ẹgbẹ́ kéde pé àwọn ò wá Renquist. Norbert bínú, ó pe ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n gba ìjókòó òun padà. Obìnrin tó gbé fóònù bi í pé, "Sà, ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní ó dá òun lójú. Ló bá tún pe ètò rédíò tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ti máa ń pariwo, ó sọ fún gbogbo ìlú.

"Mo ti dá a padà! Wọ́n á wá bẹ̀ mí!"

Nílé ọtí Dolores, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ra bíà fún un. Lenny nìkan ló bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, Mọ́ọ̀mì ńkọ́?"

Ta ló fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́? Àwọn tó ń retí ìjókòó tò lọ rẹpẹtẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjókòó ti di ti ẹlòmíì.

Ohun tó bí mi nínú jù rèé. Bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ yí ohùn padà, wọ́n ra Renquist. Norbert sáré lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó lọ tò sẹ́yìn bíi ti gbogbo èèyàn. Kàkà kó jẹ́wọ́ nílé, ó wo ojú Lenny àti Mọ́ọ̀mì, ó ní, "Mo ti gbà á padà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú fóònù mi." Ìgbéraga sọ ọ́ di òpùrọ́ sí ìyá tó bí i!

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dé. Ìyá Genevieve wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbá tìmùtìmù mọ́ra. Lẹ́nu ọ̀nà pápá, Norbert ń tẹ fóònù, ó ń làágùn nínú òtútù.

"Nobi, kí la ń dúró dè?" ìyá bi í.

"Mọ́ọ̀mì… irọ́ ni mo pa nípa ìjókòó wa. Mi ò rí i gbà mọ́."

"Ta ló wá jókòó síbi bàbá ẹ?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́ọ̀mì."

Lenny ní òun á wá ìjókòó míì, bó tilẹ̀ jẹ́ lókè téńté. Ìyá mirí. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lókè? Bàbá yín ò sí níbẹ̀. Ẹ mú mi lọ sílé."

Ìyá ò tún dé pápá mọ́. Orí àga ilé ìdáná ló gbé tìmùtìmù sí, rédíò ló fi ń gbọ́ eré. Renquist tí wọ́n torí ẹ̀ jà ńkọ́? Ìgúnpá rẹ̀ bàjẹ́ kí oòrùn tó mú dáadáa, ó sì ń gba owó rẹ̀ lọ ní tiẹ̀. Kí ewé igi tó rẹ̀ dànù lọ́dún yẹn, Ìyá Genevieve kú.

Níbi ìsìnkú, Lenny fi tìmùtìmù sábẹ́ orí ìyá nínú pósí. Norbert na ọwọ́ sí Lenny láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lenny ò gbà á.

"Owó olówó lẹ jà sí, ẹ̀gbọ́n. Ìjókòó Mọ́ọ̀mì lẹ fi san án."

Títí di òní, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, mo sì ń kìlọ̀ fún yín: olówó tí ẹ ń torí ẹ̀ jà ò mọ orúkọ yín. Ẹni tó jókòó tì yín ló mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kò ṣeé kó.