Ìtẹ̀ka Morádéyọ̀

Morádéyọ̀ ló ṣe ètò ìdánimọ̀ orí kọ̀ǹpútà fún ìlú wọn. Orúkọ àti ìtẹ̀ka tó bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ló jọ ń tọ́jú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, òun nìkan ló kù ní ọ́fíìsì nígbà tí obìnrin kan wọlé wá forúkọ sílẹ̀. Òjò ń rọ̀ gan-an níta, ṣùgbọ́n aṣọ obìnrin náà gbẹ.

“Ẹ tẹ̀ka síbí, mà.”

Obìnrin náà tẹ̀ka. Orúkọ àti àwòrán Morádéyọ̀ ló jáde lójú ẹ̀rọ.

 Morádéyọ̀ sáré dìde, ó tẹ ìka tirẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé: “A kò mọ ẹni yìí.”

Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin náà ti jókòó sórí àga Morádéyọ̀.

“Ẹ fara balẹ̀, mà,” ó rọra sọ. “Kí lorúkọ yín?”