Ọ̀rọ̀ Tí Mákindé Sọ sí Ara Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin ọkọ.

1.
Akọ̀wé ni Mákindé níléeṣẹ́ èédú l'Énúgù. Lọ́dún 1957, òun àti Oyèbísí ìyàwó rẹ̀ ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Ògúì. Oyèbísí sanra díẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n bí Mákindé ṣe ń rí ìyàwó àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n tín-ín-rín, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

"Bí èmi àti ìyàwó mi bá jọ ń lọ, àfi bíi pé mo ń yí àgbá epo," ló wí lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèbísí náà rẹ́rìn-ín, ó wọlé, kò jẹun alẹ́.

2.
Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ tútù ló fi ń gbé ọjọ́ ró. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ ò wá déédéé mọ́. Fatimah, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, pe Mákindé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jẹ́ kó jẹun kánú kó tó lóyún. Ilé ọmọ ni ara ìyá. A kì í dúró dìgbà tí àlejò bá dé ká tó tún ilé ṣe."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Mákindé wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára ni."

3.
Oyún dé. Ìgbà náà ni Mákindé ń sáré ra ẹyin, ẹja, mílíìkì. Oyèbísí ń bì wọ́n dànù. Abímbọ́lá ọmọ wọn dé kóṣù rẹ̀ tó pé, ó kéré bí ọmọ ẹyẹlé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn, òun ò lè jókòó. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe bàbá, òun ń wo àjà.

Mákindé kúnlẹ̀ níwájú Fatimah. "Ẹ gbà mí. Kí ni n ó ṣe?"

"A ò lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á," nọ́ọ̀sì dáhùn, "ṣùgbọ́n ebi yẹn wà níbẹ̀. Ẹ máa bọ́ ọ dáadáa, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Mákindé délé, ó se ẹ̀wà, ó gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀. Oyèbísí wò ó títí.

"Mo kàn fẹ́ kí ẹ máa fi ojú rere wò mí ni," ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn ọmọ, ó wọ lọ́rì Onítsha, ó forí lé ilé ìyá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mákindé sáré tẹ̀ lé lọ́rì náà títí eruku fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ránṣẹ́ ránṣẹ́, wọn ò padà.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ fẹ́ bímọ, ẹ má febi pa ara yín, ẹ má sì sanra ju bó ti yẹ. Ẹ lọ yẹ ara wò kí oyún tó dé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.