Ahun Bátìrì

“Gbọ́wọ́ kúrò! Ṣé o fẹ́ jẹ bátìrì mi tán ni?”

Iná ti lọ. Olùkọ́ já kọ̀ǹpútà gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ipò ọ̀gá ilé-ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń wá, ilé-ìwé ò sì ní gba ìwé ìwáṣẹ́ mọ́ tó bá di aago méjìlá ọ̀sán.

Ìyàwó fi bírò kọ tirẹ̀, ó mórin bọnu, ó gbé e lọ. Olùkọ́ ahun dín iná ojú kọ̀ǹpútà kù títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò, ó kọ tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Aago kan lù, ìyàwó dé. “Wọ́n gba tèmi. Wọn ò rí tiyín.”

Olùkọ́ ṣí kọ̀ǹpútà wò. Ìwé ṣì jókòó síbẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ti pa íńtánẹ́ẹ̀tì kí bátìrì má baà tán.

“Bátìrì ńkọ́, bàálé mi?”

“Ó ṣì kún.”

“Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀ o.”