Ìdánwò Tí Ìyá Àgbà Lọ Ṣe

"Wọ́n ní ìyá àgbà rẹ kàn bú sẹ́rìn-ín ni… rọ́bọ́ọ̀tì ìdánwò béèrè, béèrè…"

Ìbíyẹmí ò gbọ́ ti aládùúgbò náà tán tó fi sáré délé. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó kì í wọ gbọ̀ngàn ìdánwò fúnra rẹ̀. Àgbà ilé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ náà ló ń lọ dáhùn fún un. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ìyá bàbá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ata. Ìbíyẹmí ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni òpin.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ?"

"Jókòó, oníwàdùwàdù, o ti yege! Ìbéèrè yẹn ló rọrùn tí mo fi rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣàlàyé ìdí tí a fi ń yọ iye tí ẹ̀rọ fi ń gbó lọ́dọọdún kúrò nínú èrè. Mo ní, 'Ẹ̀rọ ata mi ń gbó bí mo ṣe ń gbó. Ẹni tó bá ka èrè ọdún láìyọ ogbó ẹ̀rọ kúrò, ara rẹ̀ ló ń tàn.'"