Ókéè Bàbá Télọ̀

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gé ẹsẹ̀ yìí kó tó pa yín. Ṣé ẹ gbà?"

"Ókéè," ni télọ̀ dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà ti ń pe nọ́ọ̀sì nígbà tí ìyàwó télọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ dákun, ẹ ní sùúrù. Látìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn nìkan ló kù tó lè sọ. Ó fi ń tọrọ omi, ó fi ń kí àlejò, ó tiẹ̀ fi ń bú mi."

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè ẹ̀, màmá. Kí ló wí báyìí?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ókéè tó fà jáde látimú yẹn, òun náà ló máa ń sọ tí wọ́n bá gbé oògùn kíkorò wá. Rárá ni. Ẹsẹ̀ tó fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ títí ọmọ mẹ́rin fi kàwé, kò ní yọ̀ǹda ẹ̀ láé. Bẹ́ẹ̀, òórùn ẹsẹ̀ ọ̀hún ti gba gbogbo yàrá kan.

"Ó gbà," ni ìyàwó wí. "Ẹ tètè ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, télọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ókéè," ó wí jẹ́ẹ́.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí ni bàbá tún ń sọ?"

Gbogbo ókéè ọkọ rẹ̀ pátá ló mọ̀ bí ẹni mowó. Èyí, kò gbọ́ ọ rí.