Ẹja Kọ́ Ló Pa Rekiyat Lára
Ojú Rekiyat wú, kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́.

Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ayétòrò pé májèlé tí ń jẹ́ mákúrì wà nínú ẹja.

Apẹja ni Sùlèímánì, bàbá rẹ̀. Ó ń sunkún.

"Ẹja tí mo pa ni mo fi pa ọmọ mi."

Láídì, ìyàwó rẹ̀ tó bí Rekiyat, gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Obìnrin tó ṣe àyẹ̀wò irun àti ìtọ̀ Rekiyat ní ilé ìwòsàn wọlé.

"Mákúrì inú ẹja, inú irun la ti ń rí i. Irun rẹ̀ mọ́. Inú ìtọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ sí. Ìpara abóra ló máa ń fa irú èyí. Kí lẹ fi ń pa á lára?"



Rekiyat ló rọra dáhùn.

"Ìpara ìyá mi ni. Ó ní màá pupa bí òun. Ó fi pa mí lára láàárọ̀ yìí náà."

Ọwọ́ Láídì bọ́ kúrò léjìká ọkọ rẹ̀.